Àtùpà Lábẹ́ Òdòdó Ume

Òru ò mẹni ọ̀wọ̀. Nínú àwòrán kan tí Suzuki Harunobu, ayàwòrán ará Japan, yà, tó wà ní Metropolitan Museum ní New York, òru ọ̀hún dúdú bí kóró iṣin. Ọmọbìnrin kan dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé àtùpà sókè kó lè rí òdòdó igi ume. Kò sí ìtàn mìíràn níbẹ̀. Ume máa ń tanná nígbà tí òtútù kò tíì lọ tán, kó tó kan ṣẹ́rì, nítorí náà ará Japan tó bá rí i ti mọ àsìkò tí a wà.

Ọdún 1765 ni irú àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ yìí, nishiki-e, bẹ̀rẹ̀ sí í gbòde ní Edo, ìlú tó di Tokyo lónìí. Àwọn olówó tó fẹ́ràn ewì ló kọ́kọ́ náwó sí i, wọ́n fi ń ṣe kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń fún ara wọn. Harunobu á yà á, agbẹ́gi á gbẹ́ ẹ sára pákó ṣẹ́rì, pákó kan fún àwọ̀ kan, atẹ̀wé á sì tẹ̀ wọ́n lé bébà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí pákó kan bá yẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Dúdú ojú ọ̀run yẹn ni mo kan sáárá sí jù. Ibi tí kò kàn ni òdòdó ti yọ, bí ibi tí wọ́n fi ẹ̀kọ kùn ṣe máa ń yọ lára adìrẹ ẹlẹ́kọ.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Ẹnu bíńtín, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ bí ti ọmọdé: bí gbogbo obìnrin Harunobu ṣe rí nìyẹn, àwọn ọkùnrin rẹ̀ pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ wọ́n. Kitagawa Utamaro, tó gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1790, máa ń fa ojú obìnrin súnmọ́ wa, ó ń wá ìwà ẹni níbẹ̀. Níhìn-ín, ẹ̀ka ume jọ igi kan pàtó ju bí ọmọbìnrin yìí ṣe jọ ẹnì kan pàtó lọ.

Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ àwòrán obìnrin àti òdòdó, ńṣe ni wọ́n kó àwọn méjèèjì pọ̀ kí á lè máa wò wọ́n. Ẹni tiwa yìí jáde wá wòran fúnra rẹ̀ ni, kò tilẹ̀ bojú wo ọ̀dọ̀ wa. Harunobu kò fún un lójú tirẹ̀. Nítorí àtùpà tó fi lé e lọ́wọ́ ni mo ṣe forí jì í.