Ẹnu Adárin, Ẹnu Elégbè

Àlhájà tó kọ́ mi ní wákà kò ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù rí láyé rẹ̀. Ẹnu àwa tá a gbè é ní Ìjẹ̀bú ni iṣẹ́ rẹ̀ wà títí dòní.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin olórin, gógóńgò adárin ni wọ́n ń yìn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bàtílì Àlàkẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Igbó ló gbé wákà láti òde ìnáwó wọnú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Sàláwà Àbẹ̀ní kò ju ọmọ ọdún 15 lọ nígbà tó gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1976, tó fi dárò Ọ̀gágun Múrítàlá Muhammed. Lọ́dún 1992, Aláàfin Lámídì Adéyẹmí fi í jẹ Ayaba Wákà. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé àwo wọn sí i, oríkèé orin ni etí mi ń wá: ibi tí ẹnu adárin ti kan ẹnu elégbè.

Elégbè tí kò tíì gbọ́n rò pé adárin á parí kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Adárin kì í parí. Yóò fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn, yóò máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kó tó tú u sílẹ̀, ohùn wa ti gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ tirẹ̀, bí ìgbà téèyàn gba ọmọ jòjòló lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bó bá fi “ẹ” parí, ẹnu wa á ti là fún “ẹ” náà. Kẹ́lẹ́ la ó kọ́kọ́ wọlé, ká tó fi agbára sí i. Àárín orin tirẹ̀ la ti gbọ́dọ̀ fa èémí tá a máa lò, nímú, láìgbé èjìká sókè. A kì í sì í mí pọ̀: tẹni tó wà lápá òsì bá ń mí, tọwọ́ ọ̀tún á di orin mú. Abẹ́ ohùn wa yìí ni adárin ti ń ráyè mí. Ẹni tí elégbè rẹ̀ kò mọ orin gbà, ohùn rẹ̀ á ti há kílẹ̀ tó mọ́.

Àlhájà kì í ṣàlàyé. Yóò jókòó sórí ẹní, yóò fi ìka lu itan, yóò dá orin, lójijì yóò yí ìparí rẹ̀ padà. “Ẹ jẹ́ kó bọ́!” ni yóò wí bí a bá pẹ́.

Nígbà ọyẹ́ kan, a lọ ṣeré ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohùn rẹ̀ ti há láti ọ̀sán. Ó dá orin àkọ́kọ́, ó wojú mi, mo mọ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ péré ló ń dá lóru náà. Ìdajì tó kù, ẹnu rẹ̀ la ti ń gbà á. Wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, kò sẹ́ni tó fura.

Queen Ọládùnní Decency ní gìtá lọ́wọ́ nínú jùjú; gìtá lè dá a lóhùn. Nínú orin ẹ̀mí bíi ti Tòpẹ́ Àlàbí, kíbọ́ọ̀dù lè bo àlàfo. Wákà tá a bá nílẹ̀, pátẹ́wọ́ àti ìlù díẹ̀ ló ní. Bí elégbè bá pẹ́, gbogbo òde á gbọ́ ihò.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí ohun tí wọ́n ń ṣe ní sítúdíò báyìí. Wọ́n á pe ọmọbìnrin kan ṣoṣo, wọ́n á san owó ẹnu kan, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di mẹ́jọ. Ẹni mẹ́jọ, ojú kan náà ni wọ́n á ti mí! Wọ́n á tún gé èémí ọ̀hún dànù. Orin á mọ́ tónítóní, kò sì sẹ́ni tó gba ohunkóhun lẹ́nu ẹnì kan nínú rẹ̀. Owó elégbè ni wọ́n ń ṣọ́, wọ́n wá ń pè é ní ọ̀làjú.

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ fẹ́ di máìkì mú lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Mo kọ̀ fún wọn. Èyí tó jáfáfá jù nínú wọn ti ń gbà á bọ̀ báyìí. Ó kù kó mọ bí wọ́n ṣe ń mí láìgbé èjìká.