Ẹja Inú Omi Orúnkún

Ẹni tí kò pẹja rí a máa rò pé inú ibú ni iṣẹ́ yìí ti le jù. Lójú tèmi, ní Kabawa wa níbí létí odò Ọya, omi tí kò ju orúnkún lọ la fi ń mọ apẹja. Nínú ibú, omi fúnra rẹ̀ ń bo apẹja láṣìírí. Nínú omi orúnkún, ẹja ń rí ọ, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ, ó sì mọ ọ̀nà àsálà jù ọ́ lọ.

Odò máa ń kún dé góńgó ní Sẹ́tẹ́ńbà sí Ọ̀kítóbà. Bó bá ti ń fà, yanrìn á yọrí láàárín omi, àsìkò àwọ̀n jíjù sì dé nìyẹn. Níbi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé ní Lọ́kọ́ja, àlejò máa ń dúró wo bí omi méjèèjì ṣe yàtọ̀ ní àwọ̀. Nǹkan mìíràn ni apẹja ń wò níbẹ̀: omi tó dà rú yóò fi ọ́ pa mọ́, èyí tó mọ́ yóò tú ọ fó.

Ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ ni ẹja sábà máa ń kọjú sí. Nítorí náà, láti ìsàlẹ̀ la ti ń gòkè tọ̀ ọ́, kí ẹrẹ̀ tí a rú lè ṣàn lọ sẹ́yìn wa. Òjìji wa náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ wíwọ́ la sì ń wọ́ nínú yanrìn, a kì í gbé e sókè. Ariwo nìkan kọ́ ni à ń sá fún. Ẹja pẹlẹbẹ kan wà tó máa ń bo ara rẹ̀ mọ́ yanrìn, tó ní ẹ̀gún olóró ní ìrù. Òkun ni ọ̀pọ̀ ẹbí rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n omi tí kò níyọ̀ ni tirẹ̀. Ní 1962, àwọn onímọ̀ fi orúkọ Garoua, ìlú kan létí Bẹ́núè ní Kamẹrúùnù, sọ ọ́. Bí ẹsẹ̀ bá rọra kàn án, á gbéra lọ. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ta ọ́.

Àwọ̀n jíjù wá kù. Okùn á wà lọ́rùn ọwọ́, eyín á di etí àwọ̀n mú, ìbàdí á yí, àwọ̀n á ṣí. Gbogbo òjé etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan omi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí apá kan bá ṣáájú, apá kejì ni ẹja yóò gbà jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀sọ̀ la fi ń fà á, kí òjé má baà kúrò nílẹ̀. A kì í sì kánjú ti ọwọ́ bọ inú àwọ̀n láìwò, nítorí iná ara ẹja òjijì lè tó 350 fóltì.

Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, níbi àjọ̀dún ẹja tó bẹ̀rẹ̀ ní 1934, àwọn onílù máa ń wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ariwo wọn sì ń lé ẹja wá sí ibi tí omi kò ti jìn. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá wọ omi kò ní onílù. Ìdákẹ́jẹ́ ni ohun èlò tirẹ̀.

Ìkún omi 2012 àti ti 2022 wọ inú ilé wa ní Kabawa. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá fà tán, yanrìn àná á ti di ibú, ibú àná á ti di yanrìn, ibi tí bàbá ẹni ti ń pa àrọ̀ á sì ti ṣòfo. Ìdí nìyí tí n kì í fi í fi ojú ibi tí ẹja wà han ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Bí a ti ń wọ omi ni mo ń kọ́ ọ.