Àwọn Tó Gbé Oúnjẹ Tọ Aláìnílé Lọ

Lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó nítorí kòrónà. Níbo ni ká ní kí ẹni tí kò nílé gbé? Ní oṣù Kínní ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ará Tarkwa Bay, àdúgbò kan létíkun Èkó, kúrò nílé, tọmọ-tìyá.

Mo kan sáárá sáwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ìgbà náà, irú àwọn tó ń bá àjọ Lagos Food Bank pín oúnjẹ. Iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n ni. Ẹni tó sùn sábẹ́ afárá kò ní ààrò. Kí ni yóò fi ìrẹsì tútù ṣe? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á kọ́kọ́ bèèrè bóyá ààrò wà kó tó di ẹrù. Gààrí kò bèèrè iná. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ kò lè mu gààrí. Àti ìkíni pẹ̀lú: "Ẹ kú ìrọ́jú, mà," kí wọ́n tó na àpò oúnjẹ síni. Lójú tèmi, ìyẹn ṣe pàtàkì bí oúnjẹ fúnra rẹ̀, nítorí ojú a máa ti ẹni tó ń gbà.

Ẹ wá irú wọn kàn ládùúgbò yín, kí ẹ sì bá wọn gbé ẹrù oúnjẹ náà.