Sinimá Kan láti Abidjan àti Ohun tí Ó Fò Dá

Ní ọdún 1961 ni Jean Rouch, òyìnbó Faransé kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà ọ̀nà ní ilẹ̀ Niger kí ó tó di ẹni tí ń ya sinimá, gbé iṣẹ́ kan jáde tí ó pè ní La Pyramide humaine. Ilé ìwé girama ìlú Abidjan ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ gan-an ni ó sì fi ṣe òṣèré. Ó yẹ kí olùkọ́ wò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù díẹ̀ káàtó lójú mi.

Ohun tí Rouch rí níbẹ̀ kò lè ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ alábẹ̀wò ilé ìwé rí. Ọmọ òyìnbó àti ọmọ adúláwọ̀ jọ jókòó nínú kíláàsì kan, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n bí agogo bá ti lù, oníkálùkù a gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Rouch wá dá ọgbọ́n kan. Ó ní kí wọ́n ṣeré bí ẹni tí ó fẹ́ di ọ̀rẹ́, ó sì bẹ àwọn kan pé kí wọ́n ṣe bí ẹni tí ó kórìíra ẹ̀yà kejì. Nínú eré náà, Nadine, ọmọbìnrin òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ni ó dá àbá pé kí ẹgbẹ́ méjèèjì máa bá ara wọn rìn. Wọ́n jọ jó, wọ́n jọ jiyàn. Ìfẹ́ àti owú wọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbẹ̀yìn, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alain bẹ́ sínú òkun láti orí ọkọ̀ tí ó ti rì sí etídò, omi sì gbé e lọ. Eré ni ikú náà o. Ṣùgbọ́n ìbárẹ́ tí wọ́n fi ṣeré di òótọ́ láàárín wọn, èyí sì ni Rouch ń fẹ́ kí a rí.

Èyí ni mo yìn jù. A kọ́ àwa kan tí a kàwé lókè òkun pé kí onímọ̀ máa wo ìlú láti òkèèrè ni, kí ó má tọwọ́ bọ ọ̀ràn rẹ̀. Rouch tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà sì ń jiyàn lórí òfin ìyàsọ́tọ̀ ti Gúúsù Áfíríkà, ènìyàn a gbàgbé pé eré ni òun ń wò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìlú tí ó yí ilé ìwé náà ká. Ní ọdún 1950 ni wọ́n ṣí ipa odò tí wọ́n là ní Vridi, kí ọkọ̀ òkun lè wọ inú ọ̀sà Abidjan. Ní 1957 ni afárá ńlá so Plateau mọ́ Treichville. Iṣẹ́ pọ̀, àtọ̀húnrìnwá sì rọ́ dé, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń pè ní Anango níbẹ̀ wà lára wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, kí Rouch tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ Abidjan dìde sí àwọn ará Togo àti ará Dahomey, èyí tí í ṣe Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ilẹ̀ tí Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà. Ẹ̀sùn wọn ni pé àwọn wọ̀nyí ni ó gba iṣẹ́ akọ̀wé àti ti olùkọ́ mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n fọ́ ilé wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó padà sílé lófo. Adúláwọ̀ ni ó lé adúláwọ̀.

Ìtàn Rouch kò dá lé èyí. Nínú rẹ̀, apá kan ṣoṣo ni adúláwọ̀ jẹ́, bí ẹni pé ilé kan ni gbogbo wọn ti wá. Èmi kò sọ pé ògiri tí ó rí kéré. Ṣùgbọ́n òmìnira dé ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, ògiri kejì sì wà níbẹ̀ síbẹ̀; ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àlejò, kò jìnnà sí ìdí ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà ní 2002.

Kì í ṣe Abidjan nìkan. Mo bẹ ilé ìwé kan wò nígbà kan ní ìlú wa kan tí ń gbòòrò. Olùkọ́ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìfẹ́ ọmọnìkejì, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n jáde fún ìsinmi, mo rí àwọn ọmọ àlejò tí wọ́n dá dúró lẹ́bàá ògiri. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ẹ̀kọ́ náà dára. N kò kọ ohun tí mo rí lẹ́bàá ògiri, nítorí kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù, n kò sì bá olùkọ́ náà sọ ọ́.

Olùkọ́ tí ó bá rí sinimá yìí fi han kíláàsì àgbà, kí ó jẹ́ kí wọ́n wò ó tán, kí ó wá bi wọ́n pé: àwọn ọmọ Dahomey ìlú yìí dà?