Ọlọ Abẹ́ Olúmọ

Ọ̀rọ̀ ataare ló fà á. Ní ọjà Àpòmù, ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, Òwu kan àti Ìjẹ̀bú kan bá ara wọn jiyàn lórí iye ataare tí wọ́n kà, ariwo ọjà sì di ogun. Samuel Johnson ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Kí iná yẹn tó kú, Òwu ti tú, àwọn ìlú Ẹ̀gbá náà sì fọ́. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́, aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá, kó àwọn tó ṣẹ́kù lọ sábẹ́ àpáta kan nítòsí odò Ògùn, àpáta Olúmọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọmọ Àpòmù kì í ṣe àlejò lásán ní Olúmọ.

Àwọn tí Ṣódẹkẹ́ kó wá kọ́ ló kọ́kọ́ rí àpáta náà. Àwọn ọdẹ ti ń sùn nínú ihò náà tẹ́lẹ̀, ẹnì kan tó ń jẹ́ Adágbà sì ti dáko sítòsí rẹ̀, tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Oko Adágbà kí ó tó di Abẹ́òkúta. Láti 1976 ló ti di ibi ìgbafẹ́. Ní 2006, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yára gòkè lọ ya fọ́tò páànù ìlú tó ti dípẹtà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gòkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ abẹ́ àpáta, kí ẹ wo ilẹ̀.

Ẹ ó rí àwọn kòtò kéékèèké lójú òkúta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ nǹkan jíjẹ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ sínú ọ̀kan: inú rẹ̀ dán, ó tutù, ó ṣe róbótó gẹ́gẹ́ bí inú igbá, bẹ́ẹ̀ òkúta tó yí i ká ṣì ń họ èèyàn lọ́wọ́. Òkúta líle ni Olúmọ, kì í ṣe ohun tí ọjọ́ kan tàbí oṣù kan lè jẹ. Ọwọ́ tó ń lọ síwá sẹ́yìn, àárọ̀ àti alẹ́, tí kò fi ibì kan sílẹ̀ lọ sí ibòmíì, ló gbẹ́ ẹ. Ẹ wo bí etí kòtò náà ṣe gún régé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ iṣẹ́ kò lè lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n, tó ń sá ogun, kò lè ru ọlọ. Nítorí náà, ilẹ̀ tí wọ́n sá dé ni wọ́n fi ṣe ọlọ. Òkúta ló di òrùlé, wọ́n mọ ògiri amọ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n pín in sí yàrá, ilé dé. Kò sí ìtakùn, kò sí koríko, kò sí àjà.

A mọ orúkọ Ṣódẹkẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kankan lórí àpáta náà, títí kan ẹ̀rọ agbéniròkè, tó tó kòtò wọ̀nyẹn, a kò sì mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tó lọ̀ wọ́n.

Ní 1834, àwọn Òwu tí ìjà ọjà Àpòmù sọ di aláìnílé náà dé Abẹ́òkúta. Àwọn Ẹ̀gbá fún wọn nílẹ̀. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní, wọ́n sì ní Olówu tiwọn.