Àwọn Tó Gba Àjèjì Mọ́ra ní Ẹ̀gbẹ̀

Kánádà ni Tommy Titcombe ti wá sí Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Ìyàgbà, ní 1908, torí ó gbà pé Ọlọ́run ló rán òun. Ìtàn àwọn ìbejì ló máa ń wọ̀ mí lọ́kàn jù. Èèwọ̀ ni wọ́n ka ìbejì sí níbẹ̀ nígbà yẹn. Titcombe àti Ethel aya rẹ̀ ló ń gbà wọ́n mọ́ra. Àní, ọmọ tí ará ilé ń sá fún!

Irú ìgbàmọ́ra yìí ló tún wà ní ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Ìjọ ECWA ló ni ín báyìí. Nọ́ọ̀sì tó ń fọ egbò ẹni tí kò mọ̀ rí lóru, tí kò béèrè ọmọ ta ni, ìwọ ni mo ń kí bí a ti ń kíni nílé wa: ọ̀kun o.