Iwin Tí Kò Bà Mí Lẹ́rù

Owó ọkọ̀ mi ni mo fi ra Wicked Lovely, ìwé Melissa Marr ti 2007, l'Ágbójú. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Festac.

Ká má parọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Aislinn ń rí iwin, ìyá ìyá rẹ̀ sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àyà mi já. Àfi bíi màmá àgbà: "Ẹ má súfèé lóru!"

Àmọ́ nígbà tí Keenan, ọba iwin ìgbà ooru, dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, ẹ̀rù tán. Ó wá dà bí ọmọ olówó tó ń lé ọmọge kiri lọ́gbà wa. Ẹ wo Àgbákò tí Fágúnwà kọ ní 1938. Mò ń bẹ̀rù rẹ̀ dòní.

Ìfẹ́ ò burú o. Ṣùgbọ́n bí iwin bá ń ṣe bí èèyàn lásán, kí la wá dé igbó?